Èwo Nínú Àwọn Onímọ̀ Sáíkọ́lọ́jì Ni Kí A Gbà Gbọ́?

Ìbéèrè: Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági, ní Ìbàdàn, ni ó kọ̀wé sí wa. Ọmọkùnrin rẹ̀, ẹni ọdún 17, ń múra ìdánwò WAEC sílẹ̀. Láti bí oṣù mélòó kan, bí ó bá ti ṣí ìwé ni yóò máa ráhùn pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn káàkiri nínú orí òun, pé ojú òun ń ṣú, àti pé ohun tí òun kà kò dúró. Ènìyàn mẹ́rin ni ìyá náà ti fọ̀rọ̀ lọ̀. Agbaninímọ̀ràn ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí ó kàwé lórí sáíkọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìṣe ẹ̀dá, ní ìbínú tí ọmọ náà dì sínú sí bàbá rẹ̀, tí ó fi ilé sílẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré, ni ó ń yọ jáde. Olùkọ́ tí ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní àṣà ni ó ti dà, kí ìyá má dá a lóhùn mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ń kọ́ sáíkọ́lọ́jì ní Yunifásítì Ìbàdàn ní èrò tí ọmọ náà ń rò nípa ìdánwò ni kí wọ́n bá a tún ṣe. Nọ́ọ̀sì àdúgbò ní àìsùn ni, àti obì tí ó fi ń lé oorun. Ìyá náà wá béèrè pé: “Ṣé ìmọ̀ kan náà ni gbogbo wọn kọ́? Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn?”

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá ọmọ, ìyá wa. Ìmọ̀ kan náà ni mẹ́ta nínú wọn kọ́, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì náà sì bá ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ mu. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹlẹ́rìí tí oníkálukú fọkàn tán. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ ọmọ yìí lọ síwájú àwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì, ọ̀kan yóò fẹ́ gbọ́ àlá rẹ̀, òmíràn yóò fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé lẹ́yìn tí ó bá ti ráhùn tán, òmíràn yóò bi í léèrè ohun tí ó ń sọ fún ara rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣí ìwé, ẹlòmíràn yóò sì ní kí a kọ́kọ́ yẹ ojú àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ń pè ní ìwòye, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín yóò ti kọ́ ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ẹlẹ́rìí tí ìwòye kọ̀ọ̀kan gbára lé yóò mọ ibi tí ó lágbára dé, yóò sì mọ ibi tí ó ti ń sọ ju ohun tí ó rí lọ.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àríyànjiyàn yìí ti wà. Nígbà tí Wilhelm Wundt dá yàrá ìwádìí sáíkọ́lọ́jì sílẹ̀ ní Leipzig, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1879, ẹni tí a ń wádìí fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí: wọn yóò jẹ́ kí ó gbọ́ ìró kan tàbí kí ó rí ìmọ́lẹ̀ kan, wọn yóò wọn àkókò tí ó fi dáhùn, wọn yóò sì ní kí ó ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Àkókò tí wọ́n ń wọ̀n kò fa wàhálà. Ìròyìn ọkàn ni ó fà á, nítorí pé àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kan a máa ròyìn ohun tí àwọn ti ibòmíràn kò rí rárá, kò sì sí ẹni tí ó lè wọ inú ọkàn ẹlòmíràn lọ láti wò ó bóyá òótọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, William James, tí ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní 1890, ka ìwúlò tí ìrònú ń ṣe fún ẹni tí ń rò ó sí ju títú u palẹ̀ lọ. Mo kàn fọwọ́ bà wọ́n ni, nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí ẹ bi léèrè tí ó tọ ọ̀nà wọn.

Agbaninímọ̀ràn ṣọ́ọ̀ṣì yín tọ ọ̀nà Sigmund Freud, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Dókítà ni Freud ní ìlú Vienna. Àwọn aláìsàn tí apá wọn rọ tàbí tí ohùn wọn lọ, tí àyẹ̀wò ara kò sì rí ohun tí ó fà á, ni wọ́n mú un gbà pé ohun tí ń darí ènìyàn lè fara pamọ́ sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò lè dé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ẹnu kò tó mọ́. Àlá, ọ̀rọ̀ tí ó ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu, orúkọ tí a gbàgbé ní ìgbà tí kò yẹ kí a gbàgbé rẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni ó di ẹlẹ́rìí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó pín ọkàn sí mẹ́ta: apá kan ń fẹ́ tirẹ̀ ṣáá, apá kan ń dá ni lẹ́bi pẹ̀lú ohùn òbí, apá kẹta sì wà láàárín, ó ń wá bí àwọn méjèèjì yóò ṣe lè gbé pọ̀ nínú ayé bí ayé ti rí.

Ó tọ̀nà pé a kì í mọ gbogbo ìdí tí a fi ń ṣe ohun tí a ń ṣe, ìwádìí òde òní pàápàá sì ti fi èyí múlẹ̀ ní ọ̀nà tí Freud kò gbà. Àléébù irú àlàyé yìí ni pé kò sí ohun tí ó lè já a ní irọ́. Bí ọmọ yín bá gbà pé òun ń bínú sí bàbá òun, agbaninímọ̀ràn yóò ní òun kúkú ti sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì sẹ́, yóò ní sísẹ́ náà ni ó fi hàn pé ìbínú ọ̀hún jinlẹ̀. Ẹ tún kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí bàbá kan náà fi sílẹ̀ nínú ilé kan náà, ti ṣe WAEC tirẹ̀ láìsí ìráhùn kankan. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ bàbá náà kò dun ọmọ yín. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó fi í ṣàlàyé orí gbígbóná kò tíì fi ohun tí ó rí hàn wá.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà gba ọ̀nà mìíràn, n ó sì pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ìwòye yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbọ́ ní àgbọ́ọ̀gbọ́tán jù. Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara, ṣàkíyèsí pé itọ́ ajá a ti máa yọ kí oúnjẹ tó dé ẹnu rẹ̀, bí ohun kan bá ti wà tí ó máa ń ṣáájú oúnjẹ náà wá. Ní 1913, John Watson ní Amẹ́ríkà kéde pé kí sáíkọ́lọ́jì fi ọ̀rọ̀ ọkàn sílẹ̀, kí ó gba ohun tí gbogbo ojú lè rí nìkan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ìyẹn ni ìṣe ẹ̀dá. Ní 1920, òun àti Rosalie Rayner ń lu irin gbàgà lẹ́yìn ọmọ ọwọ́ kan nígbàkígbà tí ó bá fọwọ́ kan eku funfun, títí ọmọ náà fi ń sunkún bí ó bá ti rí eku náà lásán. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí yóò fọwọ́ sí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lónìí. B. F. Skinner ni ó wá yí ojú sí ohun tí ń tẹ̀lé ìṣe. Ó ní ìṣe tí ó bá mú ohun dídára wá, tàbí tí ó bá mú ìnira kúrò, yóò máa gbilẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ ìnira tí ó ń kúrò yẹn ni kí ẹ fi ọwọ́ mú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kódà ní yunifásítì, máa ń pè é ní ìjìyà, bẹ́ẹ̀ ni òdìkejì ìjìyà ni: ìjìyà ń dín ìṣe kù, ìtura ń mú un pọ̀. Ẹ kọ̀wé pé ní alẹ́, bí ọmọ náà bá ti fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, ẹ máa ń pa ìwé físíìsì náà dé, ẹ ó fi aṣọ tútù lé e níwájú orí, ẹ ó sì ní kí ó lọ jókòó sábẹ́ fáànù ní pálọ̀. Ìyá wo ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn. Ìwé tí ń dẹ́rù bà á ti kúrò níwájú rẹ̀, ọwọ́ ìyá rẹ̀ wà lára rẹ̀, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ kan tẹ̀lé òmíràn, ara ọmọ náà yóò ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò pinnu láti kọ́ ọ.

Èyí kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni ó ń pa. Orí náà gbóná ní tòótọ́, ojú náà sì ṣú. Ìtura kàn mú kí ó tètè máa ṣẹlẹ̀ ni. Olùkọ́ tí ó wá ní kí ẹ má dá a lóhùn mọ́ ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ Skinner, ó sì ti fi ìdajì kejì sílẹ̀, nítorí pé ohun tí ọmọ náà yóò rí kọ́ nínú ìyẹn ni pé ìyá òun ti kẹ̀yìn sí òun. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí dunjú yóò yí ìgbà tí ìtura ń dé padà. Kí ọmọ náà ka ojú ìwé méjì péré, kí ó pa ìwé dé fúnra rẹ̀, kí ó sì lọ sábẹ́ fáànù nítorí pé ó ti ka ojú ìwé méjì náà tán, kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná rárá. Bí ó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ sọ ọ́ di mẹ́ta. Aṣọ tútù yín kò ní láti kúrò, ìgbà tí ẹ ń gbé e wá ni kí ẹ yí padà.

Síbẹ̀, ìṣe nìkan kò lè sọ ìdí tí àwọn ọmọ méjì tí a jọ tọ́ yóò fi jókòó síwájú ìwé ìdánwò kan náà, tí ọ̀kan yóò máa kọ ọ́ lọ ràì, tí èkejì yóò máa làágùn. Ibí yìí ni ìwòye tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ń kọ́ ti wọlé, ìyẹn ìwòye ìrònú. Ní 1956, George Miller kọ̀wé pé ohun tí ọkàn lè gbé dání lẹ́ẹ̀kan náà kò ju bíi méje lọ, ó lè lé méjì, ó lè dín méjì. Ní 1959, Noam Chomsky, onímọ̀ èdè, kọ àtakò gígùn sí ìwé tí Skinner ṣe lórí èdè. Ó ní ọmọdé ń sọ gbólóhùn tí kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí, nítorí náà èrè àti àfarawé kò lè jẹ́ gbogbo ohun tí ó kọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà ti ń jáde nígbà náà, ó sì fún àwọn onímọ̀ ní ìgboyà láti tún máa sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ń lọ nínú orí. Wọn kò padà sí ìròyìn ẹnu ti Leipzig o. Irú àṣìṣe tí ènìyàn ń ṣe àti àkókò tí ó fi ń dáhùn ni ẹlẹ́rìí wọn. Aaron Beck, oníṣègùn ọpọlọ ní Philadelphia tí ó ti kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ Freud, ṣàkíyèsí ní àwọn ọdún 1960 pé èrò kéékèèké kan máa ń sáré kọjá lọ́kàn àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá, wọn a sì gbà á gbọ́ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtọ́jú tí ó gbé kalẹ̀ ni kí aláìsàn kọ́ láti mú èrò náà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ èyí tí ó bá kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn nígbà tí ó bá ṣí ìwé. Kò ní yà mí lẹ́nu bí ó bá kọ ọ́ pé: “Bí n kò bá yege, màmá mi ti jìyà lásán.” Èrò bẹ́ẹ̀ kì í gbé nínú ọkàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń gba àyè nínú ibi kékeré tí Miller sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ìṣirò bá dé, ìpayà ti gba ìjókòó. Ìdí nìyí tí ọmọ tí ó ní làákàyè yóò fi ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí kò ní rántí ohun tí ó wà níbẹ̀.

Láàárín Freud àti Skinner, àwọn kan dìde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ní àwọn méjèèjì ti sọ ènìyàn di ohun tí à ń tì káàkiri. Abraham Maslow àti Carl Rogers ni orúkọ wọn tí a mọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ àwòrán onígun mẹ́ta tí a fi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Maslow, pé ipele ipele ni àwọn ohun tí ènìyàn nílò wà, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán náà kò sí nínú ìwé tí ó kọ ní 1943, àwọn ènìyàn ni wọ́n fi yà á lẹ́yìn náà; lójú tèmi, a ti ń náání rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Rogers ni ó wúlò fún yín. Ó ní ọmọ tí a ń fẹ́ràn pẹ̀lú àdéhùn, pé bí o bá ṣe báyìí ni o tó di ọmọ gidi, yóò máa gbé ayé lórí àdéhùn náà, yóò sì máa bẹ̀rù ara rẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ni bí ayé ṣe rí lójú ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, ẹ̀rí tí ó ṣòro láti wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ máa ń sọ fún ọmọ náà pé òun ni yóò gbé orúkọ ilé yín ga. Ẹ dín in kù títí WAEC yóò fi parí.

Ní ti nọ́ọ̀sì, kò ṣe àwàdà rárá. Káfíìnì wà nínú obì bí ó ti wà nínú kọfí, ojú oorun sì ni ọpọlọ ti ń tọ́jú ohun tí a kà sí ibi tí a ó ti rí i lò. Ẹni tí ó fi obì lé oorun di aago mẹ́ta òru ti ra wákàtí ìwé kíkà, ó sì ti ta ìwé náà. Morakinyo, oníṣègùn ọpọlọ ní Ilé-Ifẹ̀, ti kọ̀wé lórí irú àìsàn ọmọ yín yìí gan-an, ó sì so ó mọ́ àìsùn àti ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lé oorun. Ìwòye ara àti ọpọlọ ni èyí. Ohun tí a lè wọ̀n lára ni ẹlẹ́rìí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi máa ń rò pé bí ó bá ti sọ̀rọ̀, ẹjọ́ ti parí.

Ẹjọ́ kì í parí bẹ́ẹ̀, Ìbàdàn níbí sì ni ẹ̀rí ti wá. Láti 1992 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn àgbàlagbà àdúgbò Ìdíkàn lẹ́yìn, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis sì ń ṣe bákan náà fún àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ni pé nínú àwọn tí wọ́n ti tó ọdún 65 sókè, iye àwọn tí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń mú lọ́dọọdún jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìdíkàn, ó sì jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara, tí a mọ̀ mọ́ àrùn náà lókè òkun wà lára àwọn ènìyàn wa pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lórí wọn. Ara kan náà, ọpọlọ kan náà, ibi tí wọ́n ń gbé àti bí wọ́n ṣe ń gbé yàtọ̀.

Ibẹ̀ ni a ti dé ìwòye ìkẹyìn, ìyẹn ìwòye àṣà àti àwùjọ, tí kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà tí ó mẹ́nu kàn án fún yín, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó sún mọ́ wa jù. Ohun tí ń ṣe ọmọ yín ní orúkọ nínú ìwé. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró, ní Abẹ́òkúta, ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1960, ó pè é ní “brain fag”, ìyẹn àárẹ̀ ọpọlọ, ó sì ṣàpèjúwe orí gbígbóná, ohun tí ń rìn nínú orí, ojú tí ń ṣú àti ìwé tí kò wọlé, bí ẹni pé ó wà ní pálọ̀ yín. Lójú tirẹ̀, ẹ̀kọ́ òyìnbó, tí ó ní kí olúkúlùkù dá jókòó, kí ó dá kàwé, kí ó sì dá yege, ni ó kọlu bí a ṣe tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà láàárín ẹbí. Ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń pín àìsàn sí ìsọ̀rí gbà á wọlé ní 1994 gẹ́gẹ́ bí àìsàn àwọn ẹ̀yà kan, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí ó jáde ní 2013. Kí ẹ tó sọ pé àìsàn Yorùbá ni, ẹ mọ̀ pé orúkọ yẹn kan náà ni àwọn ará Bìrìtìkó fi ń pe àárẹ̀ ọpọlọ tiwọn ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, nígbà tí ìdánwò àti iṣẹ́ ìwé ń gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ní Aró yẹn kan náà, láti 1954, Adeoye Lambo, tí ó padà di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká pẹ̀lú ìbátan wọn kan tí yóò máa se oúnjẹ fún wọn, tí wọn yóò sì máa wá gba ìtọ́jú ní ọ̀sán. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi ìlú mẹ́sàn-án ṣe ìwádìí lórí àìsàn ọpọlọ tí ó le, Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, àwọn aláìsàn ibí sì wà lára àwọn tí ara wọn yá jù lẹ́yìn ọdún méjì. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n máa jiyàn. Ẹlẹ́rìí ìwòye yìí ni àfiwé láti ìlú dé ìlú. Àléébù rẹ̀ ni pé ó rọrùn láti fi àṣà ṣàlàyé ohun gbogbo, kí a sì gbàgbé pé gíláàsì ojú ni ọmọ kan nílò.

Nítorí náà, nọ́ọ̀sì ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó tètè ṣeé yẹ̀ wò, bí ojú ọmọ náà bá sì ti bàjẹ́, kò sí ìmọ̀ràn tí yóò jẹ́ kí ó rí ìwé. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ojú, ẹ̀jẹ̀ àti ibà, ẹ gba obì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì máa sùn kí ilẹ̀ tó ṣú jù. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò ojú ìwé méjì méjì, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín sì bá a jókòó lórí àwọn èrò tí ó bá kọ sílẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì kò di ara wọn lọ́wọ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó máa kàwé pẹ̀lú ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan tàbí méjì dípò kí ó máa dá jókòó. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ lè dúró di ẹ̀yìn ìdánwò, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá dá a sílẹ̀. Bí ó bá dá a sílẹ̀, kí ẹ fi etí sí i láìṣàlàyé fún un.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí kò sí ìyípadà, ẹ gba ìwé ìtọ́kasí lọ sí ẹ̀ka ìṣègùn ọpọlọ ní UCH. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí ó ń sọ pé ó sàn kí òun má sí láyé, tàbí tí kò jẹun tí kò sì sùn, ẹ má ka ọ̀sẹ̀ kankan. Ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ má sì jẹ́ kí ó dá wà títí ẹ ó fi dé ibẹ̀. Bí WAEC ti ilé ẹ̀kọ́ bá bọ́ sí àkókò yẹn, ti àwọn aládàáṣe wà tí ó lè forúkọ sílẹ̀ fún nígbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀.